Orin Inú Pálọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gba Ohùn Poly-Rythmo Sílẹ̀ ní Kútọnu

Stefan Kudelski, ọmọ ilẹ̀ Pólándì tó ń gbé ní Swítsàlandì, ló ṣe ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Nagra àkọ́kọ́ ní ọdún 1951. Kò pẹ́ tí àwọn oníròyìn rédíò àti àwọn tó ń ya sinimá fi gbà pé kò sí èyí tó ṣeé gbé rìnrìn àjò bíi tirẹ̀. Bátìrì ló ń lò. Téèpù rẹ̀ ń yí láti ara róòlù kan lọ sí ara èkejì, ohun tí máìkì bá sì gbọ́ ni téèpù ń mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ń gbé wọ ilé onílé ní Kútọnu. Wọ́n á gbé máìkì kan kalẹ̀, bó pọ̀ tán kó jẹ́ méjì, bándì ńlá kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù, ta gìtá, fun fèrè nínú yàrá tí wọn kò kọ́ fún orin rárá.

Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou ni bándì náà. Mélomé Clément, tó ń fun sakisófóònù tó sì ń ta gìtá, ló kó wọn jọ. Orúkọ mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́, Sunny Black's Band wà lára rẹ̀, kí Poly-Rythmo tó fìdí múlẹ̀ ní 1968. Lohento Eskill àti Vincent Ahehehinnou ń kọrin. Bernard Zoundegnon, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Papillon, ń ta gìtá. Gustave Bentho wà nídìí béèsì, Léopold Yehouessi sì wà nídìí ìlù. Ó yẹ kí a dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé nínú irú yàrá tí à ń wí yìí, kò sí olórin tó lè fara pamọ́ sẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀.

Orin tó kọ́kọ́ sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni "Gbeti Madjro", orin Eskill, tí ilé-iṣẹ́ Albarika Store gbé jáde. Adissa Seidou ló dá Albarika sílẹ̀, oníṣòwò tó mọ ohun tí etí àwọn èèyàn rẹ̀ ń fẹ́. Òun ló ń náwó lé bándì náà lórí, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n dé Èkó láti lọ gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò EMI. Àdéhùn wà láàárín wọn pé Albarika nìkan ni wọn yóò máa ṣe àwo fún. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin yìí kì í sinmi. Àwọn tó ka iṣẹ́ wọn sọ pé gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 500 orin. Ilé-iṣẹ́ àwo wo ló lè dá nìkan ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń yọ́ lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké nìyẹn, àwọn tí kò lówó ìrìn àjò Èkó, tí kò sì ní sítúdíò. Yàrá àti Nagra ni àwọn wọ̀nyí ní.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ní sítúdíò ńlá, ìlù ní máìkì tirẹ̀, béèsì ní tirẹ̀, akọrin ní tirẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ á sì wá pò wọ́n pọ̀ nígbà tó bá yá. Bí akọrin bá ṣìnà, wọ́n lè pa ohùn tirẹ̀ nìkan rẹ́ kó tún un kọ. Níwájú máìkì kan ṣoṣo, ibi tí oníkálukú dúró sí ni ìṣètò ohùn. Akọrin ló ń sún mọ́ ọn jù. Àwọn afunfèrè á fà sẹ́yìn díẹ̀. Onílù, tí ariwo tirẹ̀ lè bo gbogbo ilé mọ́lẹ̀, á lọ sí ìkángun yàrá. Nígbà tó bá kan fèrè láti dá fun, afunfèrè á tẹ̀ síwájú, bó bá ṣe tirẹ̀ tán á padà sí àyè rẹ̀. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣì lórí okùn gìtá, gbogbo wọn ni yóò tún orin bẹ̀rẹ̀ láti orí. Àwo kékeré sì nìyí, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló ń gbà lójú kan. Orin tó bá gùn, wọ́n á gé e sí apá kìíní àti apá kejì, kí ẹni tó rà á yí àwo padà láàárín ijó.

Ìdí nìyẹn tí orin wọ̀nyẹn fi ń dún bó ṣe ń dún. Fèrè máa ń ya díẹ̀ níbi tí agbára rẹ̀ bá ti ju ti téèpù lọ. Gìtá ń gún etí. Ìró ìlù ń lu ògiri kó tó padà wá sí máìkì, nítorí náà ògiri ọ̀hún pàápàá wà nínú orin. Béèsì Bentho kì í hàn gbangba bíi ti EMI, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni á mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá gbé àwo inú pálọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo EMI kan á gbọ́ pé bándì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fẹ́ẹ̀ jẹ́: ti Èkó mọ́ tónítóní, oníkálukú jókòó sáyè rẹ̀, ti Kútọnu ń gbóná, ó ń sáré, bí ẹni pé ẹnì kan lè kan ilẹ̀kùn nígbàkigbà kó ní ó tó. Tí wọ́n bá fi méjèèjì lọ òǹkọ̀wé yìí, ti Kútọnu ni yóò mú.

Irú ilé tí à ń sọ kò jìnnà sí ẹni tó bá mọ Gbégamey. Àdúgbò àtijọ́ ni, tó ní ilé ẹ̀kọ́ girama CEG Gbégamey tí ọ̀pọ̀ ọmọ Kútọnu gbà kọjá, tó ní ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Jean àti oríta Place de Bulgarie. Bí èèyàn bá yà kúrò lórí ọ̀dà, inú àwọn ọ̀nà oníyanrìn tí ará Kútọnu ń pè ní "von" ló máa bọ́ sí, níbi tí ògiri agboolé kan ti fara ti ògiri òmíràn. Gbogbo ohun tí ẹnì kan bá ṣe nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, aládùúgbò á gbọ́. Ó rọrùn láti rò bí ọ̀sán Kútọnu ṣe ń rí nígbà náà, kó tó di pé ọ̀kadà zemidjan gba ìgboro: ooru, fèrèsé tí wọ́n tì nítorí ariwo ìta, bándì kan tí òógùn ń bò, àti ẹni tó wọ agbétí ìgbọ́hùn tó ń wo róòlù téèpù kó má baà tán kí orin tó parí.

Ohun tí wọ́n ń kọ nínú yàrá wọ̀nyẹn tún ní ìtumọ̀ tirẹ̀. James Brown, olórin Amẹ́ríkà, ti wá sí Èkó ní 1970, gbogbo ọ̀dọ́ etí òkun Gíínì ló sì ń fẹ́ ta gìtá bíi tàwọn èèyàn rẹ̀. Highlife wà nílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, orin Kóńgò ń gba orí rédíò wọlé, ti Kúbà náà kò gbẹ́yìn. Poly-Rythmo lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé wọ́n gbé ìlù ìbílẹ̀ wọn wọ inú orin gìtá. Sato, ìlù gíga tí wọ́n ń lù níbi ètùtù àti ayẹyẹ òkú ní gúúsù Benin, ni wọ́n sọ di orin ijó. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìlù Sakpata, òrìṣà tí àwa ń pè ní Ọbalúayé. Léopold Yehouessi á fi ìlù àwọn òyìnbó gbé ohùn ìlù òrìṣà jáde, gìtá Papillon á sì dáhùn ní ohùn Amẹ́ríkà. Ní Àjàṣẹ́ tàbí Kétu, etí Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún ibi tí ìlù bẹ́ẹ̀ ti ń bọ̀. Kò sì yani lẹ́nu pé orin ń fi ẹsẹ̀ kan kọjá ààlà: Gnonnas Pedro, ọmọ Benin tó lọ bá bándì Africando kọrin ní àwọn ọdún 1990, fi Yorùbá kọ "Feso Jaiye", àwọn èèyàn sì jó o ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Èkó jẹ́ ọ̀run nígbà náà. Ní oṣù Kẹjọ 1973, Paul McCartney, tó ti kúrò nínú Beatles, kó bándì rẹ̀ wá sí sítúdíò EMI ní Apapa láti ṣe àwo Band on the Run. Sítúdíò náà kò rí bó ṣe rò. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí wọn, wọ́n gba ẹrù wọn, títí kan àwọn kásẹ́ẹ̀tì démò, ìyẹn orin tó ti kọ sílẹ̀ nílé láti fi dán an wò kó tó wọ sítúdíò. Orí rẹ̀ ló fi rántí àwọn orin náà. Tí kì í bá ṣe ẹni tó lórí pípé, bóyá àwo tó tà jù nínú gbogbo èyí tó ṣe lẹ́yìn Beatles kì bá tí jáde bó ṣe jáde.

Ó dára ká gba Yúróòpù kọjá, torí pé ibẹ̀ la ti máa rí bí ayé ṣe ń fi ojú méjì wo ohun kan náà.

Kolbotn jẹ́ ìlú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oslo, olú-ìlú Nọ́wè. Ní 1986, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Gylve Nagell, tí wọ́n wá mọ̀ sí Fenriz, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá bándì rọ́ọ̀kì líle kan sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n wá fi mọ̀ ọ́n káàkiri ni Darkthrone. Láàárín 1988 àti 1989 wọ́n ṣe démò mẹ́rin: Land of Frost, A New Dimension, Thulcandra àti Cromlech. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà. Nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ irú orin yìí, ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì á dà á kọ sínú òmíràn, á fi í sínú àpò lẹ́tà, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí rí ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹni náà á sì fi tirẹ̀ san padà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dà á kọ ni ohùn ń rẹlẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tó bìkítà. Bándì Nọ́wè mìíràn, Mayhem, ti ṣe démò tiwọn ní 1986. Thorns tilẹ̀ ṣe ọ̀kan ní 1991 tí kò sí ìlù nínú rẹ̀ rárá, gìtá àti béèsì nìkan.

Orin tí wọ́n wá ń pè ní black metal nìyẹn, ìtàn ẹ̀jẹ̀ àti iná sì wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́: ní 1992 wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì onígi àtijọ́ ti Fantoft ní Bergen, ní 1993 olórin kan sì gún Euronymous, gbajúgbajà onígìtá Mayhem, pa. Kò sí orin tó wẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù. Ohun tó kàn wá níbí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ká ohùn. Darkthrone wọ sítúdíò gidi lẹ́yìn démò wọn. Wọ́n ṣe àwo tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ padà sẹ́yìn: àwo Transilvanian Hunger, tó jáde ní 1994, inú ilé ni Fenriz ti fi ẹ̀rọ kékeré ká a, ohùn rẹ̀ sì ṣú bí òjò. Àwọn tó mọ ìtàn orin pè é ní iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní ó yan ohùn náà. Wọ́n kọ ìwé lé e lórí.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn àwo inú pálọ̀ ti Kútọnu. Àìrówó ni wọ́n sọ pé ó fà á. Òótọ́ ni pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kò lè sanwó EMI. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí ni àwọn ọkùnrin tó ń dé Èkó, tó mọ bí sítúdíò ńlá ṣe ń dún, tó sì tún ń padà wá dúró yí máìkì kan ká nínú yàrá. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣètò orin wọn fún yàrá, wọ́n mọ ẹni tí yóò dúró síbí àti ẹni tí yóò dúró sọ́hùn-ún, wọ́n sì kọ ọ́ láìṣì títí téèpù fi tán. Ìmọ̀ ni ìyẹn. Bí ọmọ Kolbotn bá lè jẹ́ ayàwòrán ohùn nítorí ohun tó ṣe nínú yàrá rẹ̀, kí ló dé tí Mélomé Clément kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ogún ọdún ló fi ṣáájú rẹ̀?

Ọdún 2008 ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Lọ́dún náà, ilé-iṣẹ́ Peaceville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn démò Darkthrone jọ sínú CD mẹ́ta, wọ́n pè é ní Frostland Tapes. Lọ́dún kan náà, ilé-iṣẹ́ Analog Africa ní Frankfurt gbé The Vodoun Effect jáde, àkójọ orin tí Poly-Rythmo ṣe láàárín 1972 àti 1975 fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Samy Ben Redjeb, ọmọ Tùnísíà àti Jámánì tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfúrufú rí, ló dá Analog Africa sílẹ̀. Ó wá sí Kútọnu, ó wá àwo kiri, ó wá àwọn olórin rí, ó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló gbé Echos Hypnotiques jáde, àwọn orin Albarika, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti sítúdíò Èkó. Soundway, ilé-iṣẹ́ àwo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣáájú rẹ̀ gbé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ jáde ní 2004. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú Papillon lè gbọ́ gìtá Papillon lónìí.

Ìparun ti fẹ́ dé bá Poly-Rythmo kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ológun kan, Mathieu Kérékou, gba ìjọba ilẹ̀ náà ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá 1972. Ní 1974 ó kéde ètò Marx àti Lenin, ní 1975 Dahomey di Benin. Ìṣèjọba ológun àti òfin kónílé-ó-gbélé kò dára fún ẹni tó ń jẹun lójú agbo alẹ́. Ahehehinnou kúrò nínú bándì ní 1978. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Papillon àti Yehouessi kú, àwọn méjì tí kò sẹ́ni tó lè dípò wọn. Nígbà kan tí wọ́n rìnrìn àjò lọ sí Líbíyà, àwọn aṣọ́bodè tó ń wá oògùn olóró ba ohun èlò orin wọn jẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ wá gba ọjà, àwo sì lọ sábẹ́ ibùsùn. Eskill kú ní 2006, kó tó rí i pé òkìkí ń padà bọ̀.

Òkìkí padà lóòótọ́. Élodie Maillot, oníròyìn rédíò Faransé, wá wọn rí ní Kútọnu, ó sì di ẹni tó kó wọn lọ sí Yúróòpù. Ní 2009 wọ́n kọrin níwájú àwọn òyìnbó tó ti mọ orin wọn sórí. Ní 2011, àwo Cotonou Club jáde, Angélique Kidjo, akọrin ọmọ Benin, kọrin nínú rẹ̀, àwọn ọmọ bándì Franz Ferdinand láti Scotland náà sì dá sí i. Ó dùn láti gbọ́. Ohùn ibẹ̀ mọ́, oníkálukú ní máìkì tirẹ̀. Mélomé Clément kú ní oṣù Kejìlá 2012.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ibi tí ojúlówó àwo àti téèpù wọ̀nyí wà báyìí. Ní Nọ́wè, òfin ọdún 1989 sọ pé ohun tí wọ́n bá gbé jáde fún aráyé, ìwé ni o, ohùn ni o, ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣọ́ọ̀bù Neseblod ní Oslo, nínú ilé kan náà tí ṣọ́ọ̀bù àwo Euronymous wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn wo kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ní tiwa, ọ̀pọ̀ àwo kékeré yẹn ṣì wà nínú àpótí ní àwọn agboolé bíi ti Gbégamey, ooru ń tẹ̀ ẹ́, erùpẹ̀ ń jẹ ẹ́, tàbí kó ti bá àjèjì tó ra gbogbo àpótí lọ. Téèpù tó jẹ́ orísun rẹ̀ tún nira ju àwo lọ láti tọ́jú, nítorí pé ọ̀rinrin etí òkun kì í dá a sí.

Iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ Benin ṣe kò kọjá agbára. Rédíò ìjọba wà ní Kútọnu láti 1953, ó sì ní yàrá ìpamọ́ ohùn. Yunifásítì Abomey-Calavi kò jìnnà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà àti máìkì ká orin nínú yàrá wọn mọ bí a ṣe ń da ohùn àwo sínú kọ̀ǹpútà. Ó kù kí ẹnì kan sanwó fún wọn, kó sì rán wọn lọ sí ilé àwọn bàbá àti ìyá tó ní àwo. Kí wọ́n máa bi wọ́n léèrè ọdún tí wọ́n rà á, ibi tí wọ́n ti jó o, ẹni tí wọ́n bá jó. Kí wọ́n sì béèrè ohun kan tí àwo kì í sábà sọ. Orúkọ olórin wà lára rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ti ọkùnrin tó gbé Nagra wọlé, tó yan ibi tí máìkì yóò dúró, tó ní kí onílù lọ sí ìkángun, tó sì wọ agbétí dé ìparí orin, kì í sábà sí níbẹ̀. Ọjọ́ orí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ti lọ jìnnà báyìí. Àwọn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá.